Okùn Tí Kàsímù Fi Wọn Pápá

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni Kàsímù.

Ọmọ Ajah ni. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ń gbé. Kò lọ sílé ìwé. Ó lọ sílé kéú, ó sì kúrò níbẹ̀ nígbà tó mọ èyí tó lè fi kírun. Láti kékeré ló ti ń fa àwọ̀n létí òkun. Àwọ̀n ńlá ni, èyí tí ogún ọkùnrin ń fà láti orí yanrìn, mẹ́wàá lápá ọ̀tún, mẹ́wàá lápá òsì. Kàsímù ni wọ́n fi wíwọn okùn lé lọ́wọ́. Tó bá ní okùn tó, ó tó. Tó bá ní kò tó, wọn kì í ju àwọ̀n sómi. Kò sẹ́ni tó ń tún un wọ̀n lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí eékún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó dín òkun kù, ó gba iṣẹ́ pápá. Pápá bọ́ọ̀lù Ajah ni. Ẹbí Gbàdàmọ́sí ló ni ilẹ̀ náà, àwọn ni wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún Ìràwọ̀ Etí Ọ̀sà, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú. Iṣẹ́ Kàsímù ni kó máa gé koríko, kó máa dí ihò alákàn, kó máa lé ewúrẹ́, kó sì máa fa ìlà funfun. Òun fúnra rẹ̀ ló ń jó ìkarahun, tó ń lọ̀ ọ́ di ẹfun. Kì í gbá bọ́ọ̀lù. Kò tiẹ̀ mọ òfin rẹ̀ tán. Bí àwọn èèyàn bá ń pariwo lé rẹfirí lórí, ilẹ̀ ni Kàsímù ń wò, bóyá bàtà wọn ti hú koríko.

Lọ́dún 1981, Ìràwọ̀ borí àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń gbá a nípìńlẹ̀ Èkó, wọ́n bọ́ sí Dífísọ̀n Kejì. Ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù lè má mọ ohun tíyẹn jẹ́. Líìgì méjì ló wà tí ẹgbẹ́ ti ń rìn káàkiri orílẹ̀-èdè. Èyí àkọ́kọ́ ni ti àwọn àgbà, tí rédíò ń sọ. Èkejì ni ti àwọn tó ń lé wọn bọ̀. Rédíò kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè tiwọn. Ṣùgbọ́n wọ́n á ti Kánò wá, wọ́n á ti Ẹnúgù wá, wọ́n á wá gbá a ní Ajah, Ajah tí mọ́tò máa ń rì sínú yanrìn kó tó débẹ̀.

Lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń darí líìgì. Dúró, akọ̀wé ẹgbẹ́, ló kà á. Dúró ti ṣe tíṣà rí, ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn. Ohun tí lẹ́tà sọ kò gùn. Pápá gbọ́dọ̀ tó ọgọ́rùn-ún yáàdì láti ilé bọ́ọ̀lù kan dé èkejì. Wọ́n á rán ẹnì kan wá wọ̀n ọ́n. Bí kò bá tó, Ìkòròdú ni Ìràwọ̀ yóò ti máa gbàlejò.

Ìkòròdú. Ọ̀sà ló wà láàárín. Ta ló máa wọkọ̀ ojú omi lọ wo ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀ ní ìlú onílùú? Ó dà bí ẹni tó bímọ, tí wọ́n ní kó máa lọ wò ó nílé aládùúgbò.

"Bàbá Ràṣídì," Dúró wí fún Kàsímù, "ọwọ́ yín ló kù sí o."

"Kí ló wà níbẹ̀?" Kàsímù ní. "Kí á wọn nǹkan náà ni."

Ó ra okùn tuntun. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn onípákó, ó fi irin ìwọ̀n wọn wọ̀n ọ́n, ó so aṣọ pupa mọ́ ibi tí ọgọ́rùn-ún yáàdì parí sí. Ó gbé e lọ sílé.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, àwọn aláwọ̀n wá kan ilẹ̀kùn. Okùn tiwọn ti já. Kàsímù kì í ṣe ahun, ó yá wọn ní tuntun náà, òun fúnra rẹ̀ sì bá wọn fà á. Ẹja pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí oòrùn mókè díẹ̀, ó ká okùn lé èjìká, omi ń kán sí i lẹ́yìn, ó gba pápá lọ tààrà. Òun àti Mọ́rúfù bíríkìlà ló na okùn láti ilé bọ́ọ̀lù ìsàlẹ̀, tó sún mọ́ ẹrẹ̀, lọ sí apá òkè. Aṣọ pupa dúró síwájú igi àgbọn kan. Ìṣísẹ̀ méjì péré ló wà láàárín wọn.

Igi àgbọn náà, ti Ìyá Mọ́nsúrátù ni. Ilẹ̀ ni ẹbí Gbàdàmọ́sí yọ̀ǹda, wọn ò yọ̀ǹda igi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ajah nìyẹn: onílẹ̀ lọ́tọ̀, ẹni tó gbin igi lọ́tọ̀. Èyí kì í sì í ṣe igi lásán. Ìwọ́ Mọ́nsúrátù wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìwọ́ ọmọ já, ìyá rẹ̀ rì í mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ó gbin àgbọn lé e. Mọ́nsúrátù ti lọ́kọ ní Ẹ̀pẹ́, ó ti bímọ mẹ́rin. Igi rẹ̀ náà ń so.

"Ẹ ò rí i?" Mọ́rúfù ní. "Ọlọ́run mọ̀ pé a ò fẹ́ ìjà. Ibi tí pápá parí sí ni igi ti bẹ̀rẹ̀."

Gbogbo ìlú ní ọwọ́ Kàsímù mọ́. Ó dùn mọ́ ọn. Wọ́n ri òpó síbẹ̀, ó fa ìlà.

Oṣù méjì kọjá kí ẹni tí wọ́n rán tó dé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, lẹ́yìn ìrun Àìlà. Ọ̀gbẹ́ni Tájù ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú Lándírófà, ó kí àgbà, ó kí ọmọdé. Wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ó ní ẹ jẹ́ kí òun wọ̀n ọ́n ná.

Téèpù onírin ló fi wọ̀n ọ́n, ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà. Ìgbà mẹ́ta ló yẹ kó nà án kó tó pé ọgọ́rùn-ún yáàdì. Ìkẹta ò tíì tán tó fi kan ìlà.

"Ó kù yáàdì márùn-ún," ó ní.

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀," Dúró dáhùn.

"Ẹ wá wò ó."

Wọ́n tún un wọ̀n. Márùn-ún náà ni. Gbogbo ojú wá yí sí Kàsímù.

"Okùn mi kì í parọ́," Kàsímù ní.

"Bàbá, mi ò ní ẹ parọ́. Mo ní pápá kúrú." Tájù wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Nítorí ọ̀nà yín, mo gbọ́dọ̀ lọ lẹ́yìn ìrun Àlásàrì. Ohun tí mo bá bá nílẹ̀ nígbà yẹn ni mo máa kọ."

Dúró fa Kàsímù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá Ràṣídì, ẹ jẹ́ á ní téèpù wọn ló ti nà. Kí wọ́n lọ mú òmíràn wá. Kí wọ́n tó padà, a ti gbá ìdíje méjì mẹ́ta níbí."

"Jẹ́ n lọ mú okùn ná."

Okùn wà lórí ọgbà ilé rẹ̀, láti oṣù méjì tó ti ń gba oòrùn. Ó gbé e dé, ó ní kí wọ́n nà án sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ téèpù. Ìkan, èjì, ẹ̀ta. Níbi tí ẹ̀ta parí sí gan-an ni aṣọ pupa wà.

Dúró pàtẹ́wọ́. "Ẹ ti rí i! Ọgọ́rùn-ún gére!"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Tájù ní. "Okùn yín àti téèpù mi gbà. Pápá nìkan ni kò bá wa gbà."

Wọ́n gbé okùn wọ pápá, wọ́n nà án láti ìsàlẹ̀. Aṣọ pupa kọjá igi àgbọn lọ.

"Mo ti mọ̀!" Dúró pariwo. "Àwọn ọ̀tá kan ló wá sún òpó wa lóru!"

Àwọn kan ti ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan ti ń dárúkọ ìlú tó ṣe é. Kàsímù ò gbọ́ wọn. Ó di okùn mú, ó ń fi ìka yí i. Ó gbẹ bí igi ìdáná. Ibẹ̀ ló ti yé e.

Okùn tí omi bá mu máa ń sún kì. Kò sí aláwọ̀n tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí òjò bá ṣú, èèyàn á lọ dẹ okùn ọkọ̀ rẹ̀, kó má baà fa èèkàn tu. Kàsímù fúnra rẹ̀ ti fi ọgbọ̀n ọdún sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíì. Òun náà ló tún gbé okùn tútù láti etí òkun wá wọn pápá.

Ó lè dákẹ́. Ọ̀tá ti wà nílẹ̀ tí wọ́n máa dì í rù.

"Dúró," ó ní, "kò sẹ́ni tó sún òpó. Èmi ni. Okùn tútù ni mo fi wọ̀n ọ́n."

Mọ́rúfù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ló bá ran gbogbo wọn.

"Ẹni tó ń kọ́ wa bí a ṣe ń so ọkọ̀ rèé o!"

"Kàsímù Okùn Tútù!"

Orúkọ yẹn ò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Kàsímù jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán.

"Ó yá. Òpó la máa sún."

Ṣùgbọ́n síbo? Ẹrẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀. Lókè, àgbọn ni. Ẹnì kan ní kí wọ́n lọ mú àáké wá. Kàsímù ní kí ó fi ẹnu yẹn pamọ́, kí òun lọ rí ìyá ná.

Ìyá Mọ́nsúrátù ń yan ẹja lẹ́yìn ilé rẹ̀, kò jìnnà sí pápá. Kàsímù dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá."

"Kàsímù. Wọ́n ní o fún okùn lómi mu, ó wá bí ọmọ kúkúrú fún ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ọ̀rọ̀ igi ló gbé mi wá."

"Igi wo?"

"Àgbọn Mọ́nsúrátù. Ó dúró lọ́nà ilé bọ́ọ̀lù."

"Ta ló kọ́kọ́ débẹ̀?"

"Òun ni, Ìyá."

"Ta ló wá dúró lọ́nà ta?"

Kàsímù wo ọ̀nà pápá.

"Ṣé o fẹ́ fi àáké sórí ìwọ́ ọmọ mi ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá."

"Kí lo wá sọ?" Ó yí ẹja padà lórí iná. "Gbọ́. Tí ọkọ̀ tó ti rì bá wà lábẹ́ omi, ṣé ẹ máa ń lọ hú u kí ẹ tó ju àwọ̀n ni?"

"Rárá o. A máa ń yà fún un."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Máa lọ, ẹja mi ń jó."

Kàsímù padà sí pápá. Kò rìn bí ẹni tí eékún ń dùn.

"A ò gé nǹkan kan," ó ní. "Pápá la máa yí."

Ó fi ẹsẹ̀ fà á sínú yanrìn fún wọn. Ìsàlẹ̀ á dúró, orí òkè á yà sápá ibi tí oòrùn ti ń yọ, níbi tó jẹ́ koríko lásán. Igi á bọ́ síta. Òpó ìsàlẹ̀ kan ò ní kúrò lójú kan, wọ́n á sún ìkejì rẹ̀ díẹ̀ kí ó lè kọjú sí ti òkè. Bí wọ́n ṣe ń yí àwọ̀n lójú omi nìyẹn. Mọ́rúfù ní tó bá jẹ́ ti igun, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún òun. Ẹsẹ̀ mẹ́ta lápá kan, ẹsẹ̀ mẹ́rin lápá kejì, ẹsẹ̀ márùn-ún láti orí ọ̀kan dé orí èkejì, bí òun ṣe ń fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ nìyẹn, kò sì tíì sí ilé òun tó wọ́.

Àwọn aláwọ̀n mẹ́rìndínlógún ló wá. Àwọn agbábọ́ọ̀lù bọ́ ẹ̀wù. Wọ́n hú òpó, wọ́n gbẹ́ ihò, wọ́n gé koríko. Kàsímù ò jẹ́ kí okùn fara kan ilẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé e lókè títí tí wọ́n fi kọjá ibi tí ilẹ̀ tutù.

"Ẹ nu ọwọ́ yín o!" Mọ́rúfù ń kígbe. "Òógùn yín á sún okùn kì! Bàbá Ràṣídì, ṣé kí n lọ mú agbòòrùn wá?"

"Kọjú sí igun ẹ."

Ọ̀gbẹ́ni Tájù jókòó lábẹ́ igi àgbọn, ó ń wò wọ́n. Kò sọ pé kí wọ́n ṣe kíá, kò sì sọ pé òun á dúró.

Wọ́n pe ìrun Àlásàrì nígbà tó ku ìlà ẹ̀gbẹ́ kan. Orí pápá ni wọ́n ti kí i, Tájù wà lára wọn. Bí wọ́n ṣe sàlámà tán, Kàsímù gbé garawa ẹfun. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fa ìlà, kò yára. Dúró ń wo Lándírófà, ó ń wo Kàsímù. Dẹ́rẹ́bà ti tan mọ́tò.

Tájù na téèpù. Ẹ̀gbẹ́ kìíní, ọgọ́rùn-ún yáàdì àti ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ̀gbẹ́ kejì, ọgọ́rùn-ún yáàdì àti ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ó wọ̀n ọ́n láti igun dé igun. Ó tún un wọ̀n. Ó mú ìwé jáde nínú àpò.

"Ó tó," ó ní.

Dúró bọ́ síwájú, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́. Ó ti dé ibi "ní orúkọ gbogbo àwa ọmọ bíbí" kí mọ́tò tó lọ.

Ọdún méjì ni Ìràwọ̀ lò nínú Dífísọ̀n Kejì kí wọ́n tó já padà. Ajah ni wọ́n ti gbá gbogbo ìdíje ilé wọn, ará Ajah sì rí wọn. Àlejò tó bá wá máa ń béèrè ìdí tí pápá ò fi kọjú sọ́nà bíi ti ibòmíì. Àwọn kan á ní bí ilẹ̀ ṣe rí ni. Kàsímù kì í sọ bẹ́ẹ̀, á ní òun lòun ṣe àṣìṣe.

Lọ́jọ́ tí wọ́n yí pápá, ó délé kí wọ́n tó pe Mọ̀gàrí. Sìmbíátù ìyàwó rẹ̀ bu omi fún un láti fọ ẹsẹ̀.

"Wọ́n ní ó tó," ìyàwó rẹ̀ ní.

"Ó tó."

Wọ́n kírun. Kàsímù jẹ ìkókoré àti ẹja ọ̀bọ̀kún gbígbẹ.