Bàbá Ká-a-bí-ẹní àti Orogún Orí Bẹ́ẹ̀dì

Igbe tí aránṣọ náà ké lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ilé rò pé iná ló sọ. Ó ti ṣọ́ọ̀bù dé ni, òógùn bò ó, ó kàn fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn yàrá, ó bá nǹkan gbọọrọ kan lórí bẹ́ẹ̀dì, ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ gan-an, tí wọ́n fi aṣọ funfun bò títí dé ọrùn, tí fáànù sì ń fẹ́ sí i lára jẹ́jẹ́.

“Yéè! Ẹ gbà mí o! Òkú ni àbí obìnrin?”

Aládùúgbò òkè sáré wọlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ọkọ aránṣọ náà jáde láti balùwẹ̀, ìfóòfó ọṣẹ kún orí rẹ̀.

“Ẹ rọra pariwo,” ó ní. “Ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ ni. Ooru inú sítọ́ọ̀ fẹ́ẹ̀ pa á.”

Aládùúgbò òkè fi ìgbálẹ̀ gbé aṣọ náà sókè. Ìgbòkun ni, wọ́n ká a dáadáa. Aránṣọ wo ìgbòkun, ó wo ọkọ rẹ̀, ó wá wo fáànù. Fáànù yìí ti bàjẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru, ó sì ti bẹ ọkọ rẹ̀ títí pé kó tún un ṣe.

“Ṣé ẹ ti tún fáànù yìí ṣe ni?”

“Láàárọ̀ yìí ni,” ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. “Ara rẹ̀ ò lè gba irú ooru yẹn.”

Ọjọ́ náà ni aránṣọ sọ ìgbòkun náà ní Orogún. Ọkọ fúnra rẹ̀ ti ní ìnagijẹ tirẹ̀ tipẹ́. Etí òkun ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí àwọn èèyàn ti máa ń dúró lórí pátákó gbọọrọ, tí wọ́n á di ìgbòkun tó wà lórí rẹ̀ mú, tí afẹ́fẹ́ á sì máa gbé wọn sáré lójú omi. Òun ló ń tọ́jú àwọn ìgbòkun náà ní sítọ́ọ̀ tí wọ́n ń kó wọn sí níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi omi ṣan iyọ̀ òkun kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n dẹ okùn rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ ibòji. Ẹni tó bá sì ṣèèṣì fẹ́ ṣẹ́ ẹ po bí aṣọ ìnura, igbe ni yóò gbọ́: “Ká a bí ẹní! Ká a bí ẹní!” Bó ṣe di Bàbá Ká-a-bí-ẹní nìyẹn.

Orogún nìkan ni kì í ṣe ti sítọ́ọ̀. Ti bàbá ni, láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, yẹ́lò ni àwọ̀ rẹ̀. Nígbà tó ya, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan, ó bá ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà rán an, ṣùgbọ́n ojú rírán náà wọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ọkùnrin náà wò ó, ó ní, “Ó dára gan-an.” Lọ́jọ́ kejì ó tún padà wá, láìsí ohun tó ya.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, nígbà tí ọwọ́ aránṣọ ti mọṣẹ́, ó ní kí òun tú ojú rírán yẹn kí òun tún un rán. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó dun aránṣọ. Ó fẹ́ mọ ibi tí òun wà lọ́kàn ọkùnrin yìí, ẹni tí kò tọ́jú òun rí bó ṣe ń tọ́jú Orogún.

Tí òtútù bá dé, wàhálà tún wà. Ìgbòkun ní fèrèsé kan láàárín, ike tó mọ́ gaara, kí ẹni tó wà lórí pátákó lè rí iwájú. Ooru máa ń mú ike náà hun jọ, òtútù sì máa ń mú un gan. Nítorí náà, tí wọ́n bá gbé e ti ìta wọlé lásìkò òtútù, bàbá á ní kí ó kọ́kọ́ móoru díẹ̀ kí wọ́n tó tú u. Àbúrò aránṣọ, awakọ̀ takisí tí kò ní sùúrù rárá, gbé e wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì na án lẹ́ẹ̀kan náà.

Pẹ́ẹ́! Fèrèsé là láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Bàbá kò bínú, èyí gan-an ló dẹ́rù ba gbogbo ilé. Ó ṣí fìlà, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ pa ìsàlẹ̀ ìgbòkun náà, níbi ojú rírán, ó mí kanlẹ̀. Ó wá lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí. Kò pẹ́ tí àwọn ará ilé fi ń wọlé wá kí i.

“Ẹ kú ara fẹ́ra kù o,” ni aládùúgbò òkè wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. “Ta ló lọ?”

“Fèrèsé ni,” ni bàbá dáhùn.

Obìnrin náà nu ojú rẹ̀, ó ní òun fẹ́ gba omijé òun padà.

Ṣùgbọ́n èyí tó ṣe nílé ìyá ìyàwó rẹ̀ ló ya gbogbo ayé lẹ́nu. Oòrùn mú gan-an, inú ọkọ̀ ń hó, bàbá sì kọ̀ láti fi Orogún sílẹ̀ síbẹ̀. Ó gbé e wọ pálọ̀. Igun kan ṣoṣo ló tutù níbẹ̀, ibẹ̀ ni ìyá ìyàwó jókòó sí.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà,” ni bàbá wí, “ẹ bá mi dìde níbẹ̀ díẹ̀.”

Ẹnu gbogbo èèyàn ò padé. Ká ní ilẹ̀ lanu, aránṣọ ì bá kó sí i. Ìyá dìde, ó wo ìgbòkun tó gbàjókòó rẹ̀, ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀.

“Ọmọ mi, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni ìyáálé?”

“Èmi ni, mà. Òun ló kàn ni fáànù.”

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí aránṣọ fi búra lójú ọ̀nà, nínú takisí àbúrò rẹ̀, pé, “Ọjọ́ tí ẹ bá ṣáájú mi, màá ṣẹ́ Orogún po lọ́nà mẹ́rin, màá sì jókòó lé e!” Bàbá rẹ́rìn-ín títí. “O ò ní lè ṣe é,” ó ní.

Kò pẹ́ sígbà náà ni bùláòsì síliìkì aláwọ̀ ewé tí aránṣọ fẹ́ràn jù di àwátì. Ó fura sí aládùúgbò òkè, kò sì kí i mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Bàbá bá a wá bùláòsì náà tọkàntọkàn, ó tilẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Bàbá ṣáájú lóòótọ́. Kò ṣàìsàn rárá. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀ lábẹ́ ibòji, wọ́n rò pé ó ń tòògbé ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú, awakọ̀ takisí wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ palẹ̀ yàrá mọ́. Ó tú Orogún, ó di etí rẹ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́ ẹ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀nà mẹ́rin lẹ wí, àbí?”

Aránṣọ yanu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó jáde ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

“Ká a bí ẹní!”

Igbe bàbá gan-an ni. Aládùúgbò òkè já wọlé, ó rò pé olóògbé ti jí.

Aránṣọ gba ìgbòkun náà, ó rọra tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Kò tíì tú u rí láti ọjọ́ tó ti rán an. Yẹ́lò rẹ̀ ti ṣá. Fèrèsé rẹ̀ ti di tuntun, etí rẹ̀ méjèèjì náà, iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn. Ojú rírán kọ́lọkọ̀lọ yẹn nìkan ni kò yí padà, kò sí òwú kan tó já lára rẹ̀. Ohun kan wà tí wọ́n tẹ́ lé e lórí, kó má baà máa ha nígbà tí wọ́n bá ká a: síliìkì, aláwọ̀ ewé.

“Háà!” Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì.

“Bùláòsì tí o torí ẹ̀ yan mí lódì nìyí?” ni aládùúgbò òkè bi í.

Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún. “Èmi ni,” ó ń wí. “Ara mi ni mo ti ń jowú sí láti ọjọ́ yìí.”

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó tẹ́ bùláòsì náà padà sójú rírán, ó ká Orogún bí ẹní, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ rẹ̀ máa ń sùn sí. Ó tan fáànù, ó kọ ojú rẹ̀ sí i. Ó dùbúlẹ̀. Ó tún dìde, ó yí fáànù náà díẹ̀, kó lè máa fẹ́ sí àwọn méjèèjì.