Ṣáláńgá Tí Bàbá Mi Kọ́ sí Etí Òkun

Bíríkìlà ni bàbá mi ní Accra. Lagos Town, àdúgbò àwa Yorùbá níbẹ̀, là ń gbé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gbé e dé etí òkun, níbi tí ìyá arúgbó ará Gã kan tó ń yan ẹja ti ní kó bá òun kọ́ ṣáláńgá. Ti tẹ́lẹ̀ ti wó. Iyọ̀ òkun jẹ irin inú kọnkéré rẹ̀, irin dípẹtà, ó wú, kọnkéré là, ọkọ ìyá náà sì jìn sínú ihò dé ìbàdí. Kò kú o. Ṣùgbọ́n fún ọjọ́ mélòó kan, kò sẹ́ni tó bá a jókòó jẹun.

Bàbá mi ní òun ò ní fi irin sí i mọ́, pé fọ́nrán èèpo àgbọn lòun máa pò mọ́ sìmẹ́ńtì. Èmi àti ìyá mi la ń ya á, tí à ń sá a, títí ọwọ́ wa fi bó. Àwọn bíríkìlà ibẹ̀, tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Alata, ń fi í ṣẹ̀sín: "Alata, ṣé ṣáláńgá lò ń kọ́ ni, àbí ò ń dirun fún un?"

Ọjọ́ kejì tó da kọnkéré ni rédíò kéde pé àjèjì tí kò bá níwèé ìgbélùú gbọ́dọ̀ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. A ò níwèé. Ìyá mi ń di ẹrù, ó ń sunkún. Bàbá mi gbé korobá. Ó ní kọnkéré gbọ́dọ̀ mumi fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó le.

"Bàálé mi, wọ́n ń lé wa, ṣáláńgá oníṣáláńgá lẹ ń rò?"

"Ẹni tí wọ́n lé lè padà wá. Ẹni tó bá jìn sínú ìgbẹ́ ńkọ́?"

Ní ọjọ́ keje, ọlọ́pàá sígbọnlẹ̀ kan dá a dúró létí òkun, ó ní kó mú ìwé wá. Ìyá arúgbó náà já jáde.

"Fi í sílẹ̀! Kò tíì parí ibi tí mo máa jókòó sí!"

Ọlọ́pàá wo ṣáláńgá náà. Ó ní inú ti ń run òun láti àárọ̀. Òun ló kọ́kọ́ lò ó. Nígbà tó jáde, kò béèrè ìwé mọ́.

Ọjọ́ kejì la wọ lọ́rì.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí n tó padà débẹ̀. Àwọn fọ́nrán kan ti jẹrà, ihò wẹ́wẹ́ ti yọ lára kọnkéré náà, ṣùgbọ́n kò là. Ẹnì kan tilẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó ń kọrin.

Mo ròyìn fún bàbá mi nílé. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

"Wọn ò jẹ́ kí èmi gan-an jókòó lé e," ó ní, "lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."