Páánù Tí Mo Fi Bo Ẹ̀rọ Íńtánẹ́ẹ̀tì Lójú

Láti ẹ̀yìn ilé wa ní Mushin, èèyàn lè rí òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi. Òpópónà mẹ́ta ló wà láàárín wọn. Káfíńtà ni mí. Íńtánẹ́ẹ̀tì gidi wà ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí àwọn oníbàárà tó máa ń fi àwòrán àga ránṣẹ́, ṣùgbọ́n nílé, bí ìgbín ló ń rìn.

Ọmọbìnrin mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ní Yaba, ní ìdánwò iṣẹ́ kan tó máa ṣe lórí kọ̀ǹpútà, aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé. Yàrá tó dákẹ́ ni wọ́n ní kó jókòó sí, òun nìkan. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá já lẹ́nu rẹ̀, ó parí nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù ò sì lè dákẹ́. Ẹ̀rọ tá a fi ń lagi kì í sinmi.

Ni ọmọ mi bá ra ẹ̀rọ funfun méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju àwo oúnjẹ lọ. Ọ̀kan á wà ní ṣọ́ọ̀bù, ìkejì nílé. Wọ́n á kọjú síra wọn, wọ́n á sì máa gbé íńtánẹ́ẹ̀tì kọjá lófuurufú láìsí wáyà láàárín wọn.

Mi ò gbà kí ohunkóhun gòkè láìdán an wò nílẹ̀. A gbé méjèèjì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ mi yí páásìwọ́ọ̀dù tó bá wọn wá padà, a sì jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko. Lẹ́yìn náà ni mo ka òfin: a ó pa iná ilé kí ẹnikẹ́ni tó gòkè, ẹni tó bá gòkè á so okùn mọ́dìí, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gun àkàbà tó tutù.

"Dádì, ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá péré la fẹ́ gùn o."

"Mọ́kànlá àti íǹṣì mẹ́rin."

Ọjọ́bọ̀ la gbé tilé sórí òpó irin lára ògiri. Ẹ̀gbọ́n onítìmùtìmù tá a jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù ló ń yí ẹ̀rọ ti ṣọ́ọ̀bù díẹ̀díẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo ti so okùn mọ́ ọn kí n tó wálé, ó sì ń bú mi lórí fóònù: "O so mí bí àgbò Iléyá, o tún ní kí n yí!"

Nọ́ńbà kan wà lórí kọ̀ǹpútà ọmọ mi. Bó bá ṣe ń kéré sí i ni ìsopọ̀ náà ṣe ń lágbára sí i. Nígbà tó di ọ̀kànlélọ́gọ́ta, ó pariwo, "Ẹ dúró! Ẹ má mí!"

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ojú ọ̀run ṣú. Ọmọ mi ti sọ fún mi pé wọ́n ṣe ẹ̀rọ yẹn fún òjò, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá gbé síta láìbò, ọkàn mi kì í balẹ̀. Nígbà tó lọ sọ́jà, mo gé àjákù páánù, mo fi bò ó lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti níwájú, mo sì fi wáyà dè é níbi mẹ́fà. Mi ò sọ fún un.

Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn òjò ìdájí, nọ́ńbà náà ti di mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Íńtánẹ́ẹ̀tì ń já, ó ń padà, ó ń já. Ọmọ mi pe Ẹ̀gbọ́n. Ìyẹn lóun ò fọwọ́ kan nǹkan kan. "Bi bàbá ẹ, bóyá ó ti so íńtánẹ́ẹ̀tì náà mọ́lẹ̀."

Ọmọ mi gbé àkàbà. Mo ní ó tutù.

"Dádì, ìdánwò mi!" Ojú rẹ̀ ti ń pọ́n.

"Mo fi nǹkan bò ó," mo jẹ́wọ́.

"Nǹkan bíi kí ni?"

"Páánù."

Ó gbé àkàbà sílẹ̀. "Ẹ fi páánù bò ó lójú. Báwo ló ṣe máa rí ìkejì ẹ̀?"

Mo nu àkàbà náà títí tó fi gbẹ. Òun ló pa iná, òun ló so okùn mọ́ mi nídìí, ó fà á wò lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ má tíì gùn. Ẹsẹ̀ bàtà mélòó ni?" Mo sọ ọ́, títí kan íǹṣì mẹ́rin, kó tó jẹ́ kí n gòkè.

Mo ti fún àwọn wáyà yẹn jù; ìṣẹ́jú méjìdínlógún ni mo fi gé wọn kí páánù náà tó kúrò. Ó tan iná padà: ọ̀kànlélọ́gọ́ta. Mo ní ká dán an wò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i, kò bá mi jiyàn. Kò já.

Ní aago mẹ́wàá, ó tilẹ̀kùn yàrá. Ní mọ́kànlá, òjò tún bẹ̀rẹ̀. Mo dúró sí ẹsẹ̀ ògiri, mo ń wo bí omi ṣe ń ṣàn lójú ẹ̀rọ funfun yẹn. Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

Ibẹ̀ ló bá mi nígbà tó jáde. "Kò já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo," ó ní. Ó wò mí látòkè délẹ̀, omi ń kán lára mi. "Dádì, ara yín lẹ ò rántí bò."