Oyin Orí Pẹpẹ

Mi ò tíì bẹ ẹnikẹ́ni lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì ní bẹ̀. Èmi ni mo wọ bàtà gun pẹpẹ. Èmi náà ni mo gbé oyin ìdúpẹ́ ẹni ẹlẹ́ni.

Ìyá mi ní àtọ̀gbẹ. Láràárọ̀ ló ń gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ insulínì, tó bá sì ti gún un, ó gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ará ṣọ́ọ̀ṣì kankan mọ̀. Òun tó ń gbàdúrà fún aláìsàn, ó ní wọ́n á sọ pé ìgbàgbọ́ òun ò tó. Ó mú kí n búra pé mi ò ní sọ. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni tiwa, nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní River Road, nílùú òyìnbó níbí. Nígbà tí wọ́n kéde ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, mo ní kó má gbà á. Ó ní òun ti gbọ́. Irọ́ ló pa fún mi.

Lọ́jọ́ kẹta, ọjọ́ Àìkú, mo ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní Rippleside, níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo rí i. Ó ń gbọ̀n, òógùn ti rin sùtánà rẹ̀ gbindin, ó ń sọ kántankàntan. Wọ́n yí i ká, wọ́n ń lu agogo. Akọ̀wé ti ṣí ìwé ìran, ó ń kọ gbogbo ohun tó ń sọ sílẹ̀. Wọ́n ní Ẹ̀mí ló gbé e. Ẹ̀mí wo? Bàbá mi tó ti kú ló ń pè, pé kó wá ti ilẹ̀kùn ilé wa ní Alibon. Mo ti rí irú ẹ̀ níbi iṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣúgà ara rẹ̀ ló ti já wálẹ̀.

Mo já wọ àárín wọn. Wòlíì di apá mi mú, ó ní ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ẹni tó wà nínú ẹ̀mí, pé kí n tiẹ̀ lọ bọ́ bàtà mi ná. Mo fa apá mi yọ. Mo ní kí wọ́n wá nǹkan tó ní ṣúgà fún mi kíá. Arákùnrin kan sáré gbé mínírà wá. Mo wo ara agolo náà, èyí tí kò ní ṣúgà rárá ni. Inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n sọ ọ́ lù ú, ẹni tó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni mo rí ìgò oyin lórí pẹpẹ, láàárín èso ìdúpẹ́. Obìnrin kì í gun pẹpẹ lọ́dọ̀ wa. Mo gùn ún.

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ gbé itọ́ mì." Ó gbé e mì. Ká ní ó ti dákú ni, mi ò ní fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, ńṣe ni ǹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ń fi oyin sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Mo ní kí akọ̀wé gbé bírò sílẹ̀ kó pe áńbúláǹsì, ó sì pè é. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Nígbà tó tó bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó béèrè ìdí tí mo fi wọ bàtà wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bú sẹ́kún. Mo fún un ní búrẹ́dì, torí oyin nìkan kì í pẹ́ lára, kí áńbúláǹsì tó dé.

Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn àgbààgbà pè mí síwájú ìjọ, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì. Mo dúró gbọin. Mo sọ fún wọn pé ká ní mo lọ bọ́ bàtà ni, òkú ni wọn ì bá gbé. Wòlíì bá kọjú sí ìyá mi, ó ní kó bá mi sọ̀rọ̀. Mo rò pé ó máa bẹ̀ mí pé kí n kúnlẹ̀.

Ó dìde, ó rìn lọ bá akọ̀wé.

"Ṣí ìwé yẹn," ó ní. "Gbogbo ohun tí o kọ lọ́jọ́ yẹn, fa igi lé e. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ní àtọ̀gbẹ, mo gún abẹ́rẹ́, mi ò jẹun. Ọmọ mi ni kò jẹ́ kí n kú."

Akọ̀wé wo ojú wòlíì. Ìyá mi dúró tì í títí ó fi kọ ọ́ tán.