Fíláàṣì Olówó Pọ́ọ́kú

Gbogbo ẹni tó mọ Idalmis Borrero ní àdúgbò wa ní Holguín mọ̀ pé kò sí ohun tí obìnrin náà ń gbà gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, yóò kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run kó tó dá ọ lóhùn. Iṣẹ́ tó ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì ló kó èyí bá a. Láti ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ kan sí òmíràn ló ń lọ, tó ń yẹ òṣùwọ̀n wò, bóyá ẹni tó ń wọn ìrẹsì àti ṣúgà fún ará ìlú ti fi nǹkan há a lábẹ́. Ó bá òjé ńbẹ̀, ó bá òkúta, ó bá irin òòfà pẹ̀lú. Àwọn àgbà ní páńsá kò fura, páńsá já sí iná; àjà kò fura, àjà jìn. Idalmis ní tirẹ̀ ń fura fún páńsá, ó ń fura fún àjà, ó sì tún ń bá aládùúgbò fura sí i.

Leyanis, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Eliécer, bàbá ọmọ náà, ọmọ kan ṣoṣo tí Idalmis bí, wà ní Tampa lókè òkun pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà kò sì jẹ́ kí wọ́n lè padà wálé láti ìgbà tí Leyanis ti wà ní kékeré. Nígbà tí ọmọ náà wá fẹ́ pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, gbogbo ilé dìde. A kì í fi ọjọ́ yẹn ṣeré níbí. Ilé tí kò rí ẹran jẹ yóò wá owó fọ́tò ọmọbìnrin rẹ̀. Eliécer fi owó ránṣẹ́: owó aṣọ búlúù gígùn tí wọ́n yá, owó ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní òrùlé, owó fọ́tò nínú ilé àti lórí àtẹ̀gùn Òkè Àgbélébùú, àti ti fídíò. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ ìyá rẹ̀ fún.

"Ìyá mi, ẹ ṣáà jẹ́ kí n rí i nínú aṣọ yẹn. Bó ṣe ń dàgbà kò ṣojú mi. Ẹ má jẹ́ kí èyí náà fò mí dá."

Ní ìlú wa, ẹni tó yà ọ́ ní fọ́tò kì í fún ọ ní fíláàṣì. Ìwọ lo máa mú tìrẹ lọ, yóò kó fọ́tò sínú rẹ̀ fún ọ, yóò sì pa ti ọwọ́ rẹ̀ rẹ́, torí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kéré, ọmọ ẹlòmíì sì ń dúró. Bẹ́ẹ̀ ni Idalmis ṣe gba ọ̀dọ̀ Mirelda lọ, ìyá kan tó ń ta ìṣáná, bọ́tìnì àti gọ́ọ̀mù ní ìloro ilé rẹ̀. Fíláàṣì oríṣi méjì ló wà lórí àtẹ. Ó mú èyí tí owó rẹ̀ kéré, ó gbé e sókè sí oòrùn bí ẹni ń wo ẹyin.

"Èyí ńkọ́?"

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta gíìgì ni inú rẹ̀ ń gbà. Ó wà lára rẹ̀, ẹ kà á."

"Ohun tí wọ́n kọ sára nǹkan, ẹnu lásán ni. Kí ló dé tí owó rẹ̀ kò tó ti ìkejì?"

"Ó ń falẹ̀ ni o," ni Mirelda wí. "Mo ti sọ fún yín, ẹ má padà wá bá mi jà. Ta ló tún ń ra èyí tó ń falẹ̀ láyé ìsinsìnyí? Kó tó kún, wọ́n á ti mú iná lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló wọ Idalmis létí. Nínú gbogbo òṣùwọ̀n tó yẹ̀ wò láyé rẹ̀, àwọn tó ń tètè dúró ló máa ń purọ́. Òṣùwọ̀n olóòótọ́ á mì lọ, á mì bọ̀, á ro ara rẹ̀ wò kó tó dúró. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ohun tó bá ń pẹ́ kó tó kún, inú rẹ̀ jìn ni. Ta ló sọ fún un pé mọ̀lẹ́bí ni òṣùwọ̀n àti fíláàṣì? Ó rà á, inú rẹ̀ sì dùn pé òun rí ọ̀pọ̀.

Pálọ̀ ilé Yosbel, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ya fọ́tò náà, ni wọ́n ti kó o sínú fíláàṣì láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Idalmis fa àga mọ́ kọ̀ǹpútà, ó fi báàgì rẹ̀ há abíyá, kò gbójú kúrò níbẹ̀. Leyanis jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ èékánná.

"Màámi, ibo lẹ ti rí ìgbín yìí?" ni Yosbel wí. "Mo ti mu kọfí lẹ́ẹ̀mejì, kò tíì dé ìdajì."

"Mu ẹ̀kẹta. Kí lò ń kánjú lọ ṣe?"

"Ọmọ míì ń retí mi lọ́sàn-án yìí."

"Kó máa retí."

Nígbà tó parí, orúkọ àwọn fọ́tò náà tò sílẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò dín ọ̀kan. Yosbel ṣí mélòó kan lára ti ìbẹ̀rẹ̀. Leyanis ló wà níbẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká irun rẹ̀.

"Ó pé," ni Idalmis wí. "Ó yá, pa tìrẹ rẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ Ajé, màámi. Ẹ lọ wò ó nílé ná, kẹ́ ẹ wò ó dópin. Irú fíláàṣì yìí kò dá mi lójú."

"Mo mọ̀ pé o máa sọ bẹ́ẹ̀. Ṣebí bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ti ọmọ ọmọ Zulema?"

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbé àkójọ fíìmù àti eré kiri láti ilé dé ilé níbí, tí kálukú ń kó sínú fíláàṣì tirẹ̀. Ayàfọ́tò kan ki fọ́tò ọmọ ọmọ Zulema, aládùúgbò wa, sínú rẹ̀, ó fi polówó ọjà. Gbogbo Holguín ti rí i nínú aṣọ ìwẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tó rí i.

"Èmi kọ́ ni mo ṣe é," ni Yosbel wí.

"Ẹni tó ṣe é náà ní òun kọ́. Pa á rẹ́ kí n máa wò ó. Ti inú kámẹ́rà náà."

"Màmá àgbà," ni Leyanis pè é láti ẹnu ọ̀nà, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀ di ọjọ́ Ajé. Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

"Ohun tó fẹ́ fi ṣe ni mi ò fẹ́ mọ̀."

Yosbel mí kanlẹ̀, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lójú rẹ̀. Idalmis gba fíláàṣì, ó so ó mọ́ etí aṣọ àwọ̀lékè rẹ̀, ó sì ń rìn lọ sílé bí ẹni tó mú olè.

Iná kò dé títí di ọjọ́ kejì. Bó ti dé ni wọ́n ki fíláàṣì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Àwọn fọ́tò inú ilé ń ṣí, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan: Leyanis nínú aṣọ ilé, Leyanis níwájú dígí, Idalmis lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú báàgì lábíyá, tó ń fojú burúkú wo kámẹ́rà. Lẹ́yìn náà ni dúdú bẹ̀rẹ̀. Àtẹ̀gùn, dúdú. Ọkọ̀, dúdú. Aṣọ búlúù, dúdú. Fídíò kò tilẹ̀ mì. Orúkọ gbogbo wọn pé, ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan nílé.

Wọ́n sáré dé ọ̀dọ̀ Yosbel. Ó ki fíláàṣì náà bọ kọ̀ǹpútà, ó yẹ̀ ẹ́ wò fún ìgbà pípẹ́.

"Gíìgì mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀," ló wí. "Wọ́n kàn kọ́ ọ kó máa pe ara rẹ̀ ní mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni. Ohun tó bá ti lé ní mẹ́rin, ó ń gbà á, ó ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń dà á nù."

"Ṣé torí pé ó ń falẹ̀ ni?"

"Fífalẹ̀ kọ́, màámi. Mo ní èyí tó falẹ̀ jù ú lọ, kékeré, olówó pọ́ọ́kú. Bí mo bá rí irú rẹ̀ lọ́la, mo máa rà á. Ó ní gíìgì méjì lòun ní, méjì náà ló sì ní."

"Ti inú kámẹ́rà ńkọ́?"

"Mo ti ya ọmọ ọ̀sán àná lé e lórí."

Yosbel yọ fíláàṣì náà, ó dá a padà sọ́wọ́ Idalmis. Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn fún un. Ojú ti Idalmis débi pé kò mọ ibi tó máa wò. Nígbà tí wọ́n jáde, ó yà sí ọ̀nà ilé Mirelda.

"Ẹ lọ o," ni Leyanis wí. "Ẹ lọ bá Mirelda jà. Ẹ ti yẹ gbogbo èèyàn wò tán, ẹ ò yẹ èyí tó wà lọ́wọ́ yín wò." Ó dá nìkan gba ọ̀nà ilé lọ. Idalmis kò lè lọ sọ́dọ̀ Mirelda mọ́. Aṣọ búlúù ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín, owó Eliécer sì ti tán.

Ní ọjọ́ Àìkú, Eliécer pè.

"Ìyá mi, fọ́tò dà?"

"Kò sí. Ti inú ilé nìkan ló kù."

"Kò sí bí i ti báwo? Ta ló ṣe é?"

Láti kékeré ni Eliécer ti mọ̀ pé bí nǹkan bá sọnù nílé wọn, ìyá òun ti ní orúkọ ẹni tó fẹ́ dá lẹ́bi nílẹ̀ kí wọ́n tó wá a. Orúkọ Mirelda wà lórí ahọ́n Idalmis lóòótọ́, ti Yosbel sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé méjèèjì mì.

"Fíláàṣì ayédèrú ni mo rà. Èmi náà ni mo sì ní kí wọ́n pa ìyókù rẹ́. Ọmọ náà bẹ̀ mí pé kí n má ṣe é."

"Ẹ fún mi ní Leyanis," ni Eliécer wí.

Leyanis, tí kò tíì bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ láti àná, gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ jókòó, kí n sọ ọ́ fún yín. Aṣọ yẹn búlúù, búlúù bí omi òkun ní Gibara láàárọ̀. Etí rẹ̀ gùn gan-an lẹ́yìn mi. Mo ti dé òkè, etí aṣọ ṣì wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá ló dúró."

Etí aṣọ náà kò bo àtẹ̀gùn méjì. Kò sì sí ọkọ̀ kankan tó dúró. Leyanis yí ojú sí ìyá àgbà, ó ń retí.

"Àbí irọ́ ni mo pa, Màmá àgbà?"

"Òótọ́ ni," ni Idalmis wí. "Ó tún gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ."