Ìdáhùn Tí A Fi Du Àbúrò Mi

Mo ń kọ èyí kí ọkùnrin kan lè kà á, kí àwọn ọmọ rẹ̀ náà sì kà á. Àgbà ni láàárín àwa Yorùbá tó ń gbé àdúgbò Mamobi lẹ́yìn odi. Ìlà iwájú ló máa ń jókòó sí ní mọ́sálásí, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Ẹ̀yìn ń dun àbúrò mi nítorí ẹrù tó ń já ní èbúté Tema. Lọ́wọ́ ọkùnrin yìí ló ti kọ́kọ́ ra oògùn apàrora tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní tírámọ̀. Kò béèrè ìwé dókítà. Ó ń tà á fún un títí oògùn fi di olúwa rẹ̀.

Nígbà tí àbúrò mi jí ẹní mọ́sálásí tà, ọkùnrin kan náà ló dìde nípàdé pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá sàláámù rẹ̀ lóhùn mọ́, kí ojú lè tì í. A gbà. Èmi tí mo kàwé, mo gbà. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń kí mi lẹ́nu ọ̀nà, tí mò ń kọjá bí adití. Oògùn ló ń pọ̀ sí i. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí òun bá ti lò ó, kì í dun òun mọ́ pé a kò dáhùn.

Ìyá kan tó ń ta ọṣẹ ní ọjà Odawna ni kò ka òfin wa sí. Ó dá a lóhùn, ó sì ní kó bá òun gé ọṣẹ gbọọrọ. Àbúrò mi fi ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n hàn án.

"Gé e bẹ́ẹ̀. Bó bá wọ́, màá sọ fún oníbàárà pé bí wọ́n ṣe ń gé e ní Tema nìyẹn," ni ìyá náà wí.

Lọ́jọ́ tí kò bá wá, ìyá yìí á pa ìsọ̀ dé, á wá a lọ. Òun ló mú un dé ilé ìwòsàn, òun ló jókòó tì í títí ara rẹ̀ fi balẹ̀.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, ọkùnrin náà pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, ó rẹ́rìn-ín, ó kí wa. Àbúrò mi dáhùn. Mo dákẹ́. Ó tún kí mi níṣojú gbogbo ènìyàn. Mo wò ó lójú.

"Bọ̀dá, ẹ dá wọn lóhùn," ni àbúrò mi sọ sí mi létí. "Ẹ ò mọ bó ṣe máa ń rí ni."

Lóòótọ́, n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọkùnrin náà mọ̀.