Owó Tí Èkúté Gé Sí Méjì

Ṣẹ́fù wa, ọ̀gá báńkì, ti mú tẹlifóònù dání, ó fẹ́ pe ọlọ́pàá. Ìyá àgbà tó dúró níwájú mi kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ni wọ́n fẹ́ pè é lé lórí. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí owó rẹ̀.

Báńkì kan ní Àjàṣẹ́ níbí ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìdí owó gbígbó ni mo sì pẹ́ sí jù. Ẹni tí owó bébà rẹ̀ bá ya, tó jóná tàbí tó rà, ọ̀dọ̀ mi ni yóò gbé e wá. Òfin wa kò ṣòro. Bí èyí tó ṣẹ́kù bá ju ìdajì lọ, a ó fún un ní tuntun. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ó ti di bébà lásán. Àmọ́ bí nọ́ńbà apá ọ̀tún bá yàtọ̀ sí ti apá òsì, ọ̀ràn dé nìyẹn, torí ọgbọ́n oníjìbìtì ni kí wọ́n máa gé owó, kí wọ́n máa lẹ̀ ẹ́.

Ìyá Sikirá ni wọ́n ń pe ìyá yìí. Aláró ni, àdúgbò Tokpota ló ń gbé. Ó ṣẹ́ owó bébà rẹ̀ po sí méjì, ó fi aṣọ dì í, ó gbé e sórí àjà. Nígbà tí yóò fi gbé e sọ̀kalẹ̀, èkúté ti jẹ gbogbo ojú ibi tó ṣẹ́ ẹ. Ṣé aláró kì í jẹ́ kí nǹkan ṣòfò: ó ro láfún, irú èyí tó fi ń ya ọnà sára aṣọ, ó lẹ ààbọ̀ mọ́ ààbọ̀, ó sá wọn sóòrùn, ó sì fi irin gbígbóná lọ̀ wọ́n. Ààbọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣáà ti bà ló ń lẹ̀ mọ́ ara wọn.

"Ìyá, ta ló bá yín lẹ̀ wọ́n?"

"Èmi náà ni. Ṣé kò dán ni?"

"Ó dán, Ìyá. Ó tiẹ̀ dán jù."

Kòjó, ọmọ Gùn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì kan, bú sẹ́rìn-ín. "Ó kù kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú aró!"

Owó yẹn ni Ìyá fẹ́ fi ra ilẹ̀ tí ìkòkò aró rẹ̀ wà. Onílẹ̀ ti ní kó rà á kí oṣù tó parí, tàbí kó kó ìkòkò rẹ̀ kúrò.

"Bí a kò bá pe ọlọ́pàá," ni ṣẹ́fù wí fún mi, "jẹ́ kó gbé pàǹtí rẹ̀ lọ. Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ìjọba ló jèrè."

Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, wọ́n kọ́ wa pé láyé àtijọ́, ọba tó ń rọ owó máa ń bù díẹ̀ lára wúrà tí wọ́n bá gbé wá. Lónìí, bébà ni. Iye tí wọ́n fi ń tẹ owó ẹgbàárùn-ún kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹgbàárùn-ún ni yóò rà lọ́jà. Ohun tó wà láàárín méjèèjì, èrè ìjọba ni. Jẹ́tọ̀n kéékèèké, ìyẹn owó onírin, nìkan ni kì í fi bẹ́ẹ̀ lérè, torí irin rẹ̀ lè wọ́n. Owó tó bá gbó tó padà wá, ìjọba gbọ́dọ̀ fi òmíràn dípò rẹ̀. Èyí tó bá sọnù tàbí tó jóná, kò sẹ́ni tí yóò béèrè rẹ̀ mọ́. Èrè náà dúró títí láé.

Mo yege nínú ìdánwò ẹ̀kọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó pàdánù nínú ìwé tí a kà. Lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó fẹ́ pàdánù dúró níwájú mi, aró kún èékánná rẹ̀.

"Ṣẹ́fù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa láyè di ọ̀sán."

A bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́. Láfún kò lágbára níwájú omi. Ààbọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú kúrò lára ààbọ̀. A to apá òsì sórí tábìlì kan, apá ọ̀tún sórí òmíràn. Kòjó ń pe nọ́ńbà, èmi ń wá èkejì rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà tó yé Ìyá. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé mo ti di oníjìbìtì ni?"

"Rárá o, Ìyá."

"Ẹ kàn so ìyàwó oníyàwó mọ́ ọkọ ọlọ́kọ ni," ni Kòjó fọhùn.

"Orí ẹ ò pé!" Ìyá rẹ́rìn-ín, ó sì fi etí ìborùn nu ojú.

Ṣẹ́fù wá wò wá, kò sì lọ mọ́. Kò pẹ́ tí òun náà fi mú ààbọ̀ kan sókè: "Èyí ńkọ́? Ta ni ọkọ rẹ̀?" Òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n san án.

Ó ku díẹ̀ nínú owó náà tí èkúté ti jẹ nọ́ńbà wọn. Mo sọ fún Ìyá pé ìyẹn ti lọ.

"Ta ló wá ni wọ́n?"

"Ìjọba ni, Ìyá."

"Kí ni ìjọba ṣe tó fi gbà á?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Èkúté ló bá a ṣiṣẹ́."

"Ó dáa. Ẹ bá mi sọ fún un kó fi tún ọ̀nà àdúgbò wa ṣe. Bí òjò bá rọ̀, mi ò lè ru aṣọ kọjá."

Mo ti dàgbà báyìí. Fóònù ni àwọn ọmọ mi fi ń sanwó, ìka wọn kì í kan bébà. Bí wọ́n bá bi mí léèrè ohun tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe nídìí owó gbígbó, mo máa ń mú wọn lọ sí Tokpota. Ọ̀nà ibẹ̀ ṣì ń kún fún omi. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ọmọ Ìyá Sikirá ń sá aṣọ níbẹ̀, omi aró ń kán tótó sórí ilẹ̀ tó jẹ́ tiwọn.